Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Ọkọ̀ Kí Ẹ Tó Kọrí Síjù

Àsìkò ìmúra ọdún ni àwọn ẹbí, ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àdúgbò àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga máa ń háyà bọ́ọ̀sì, tàbí kí wọ́n kó ara wọn sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì mẹ́ta, tí wọn yóò gba ọ̀nà òkè Ìdànrè lọ, tàbí omi Ọlúmìrìn tó ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tàbí Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé lápá Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Wọn á ti bu jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà, wọn á ti ra omi, awakọ̀ á ti yẹ táyà wò. Gbogbo ìyẹn dára. Àpótí kékeré tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní fáàsì éèdì ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí: irú èyí tó yẹ ká ní, ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀, àti ibi tó yẹ kó jókòó sí nínú ọkọ̀.

Àpótí yìí ti pẹ́ láyé. Ní Amẹ́ríkà, ní 1888, ni iléeṣẹ́ Johnson & Johnson bẹ̀rẹ̀ sí í kó báńdéèjì, gọ́ọ̀sì àti oògùn ojú ọgbẹ́ sínú àpótí kan náà, tí wọ́n ń tà á. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ni wọ́n ṣe é fún, nítorí pé àwọn ènìyàn náà máa ń fara pa níbi tí dókítà kò sí nítòsí rárá. Ẹ kíyè sí ìdí yẹn dáadáa. Ọ̀nà jíjìn ló bí àpótí náà, ọ̀nà jíjìn náà ló sì yẹ kó máa pinnu ohun tí a ó kó sínú rẹ̀ títí dòní. Ẹni tó ń wakọ̀ láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn lè ní pílásítà àti òwú kó sì tó o, nítorí pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn UCH kò jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọjá Ìṣẹ́yìn, tó ti wọ ọ̀nà erùpẹ̀ nínú ọgbà ẹranko tó fẹ̀ tó 2,500 kìlómítà níbùú lóròó, ọwọ́ ara rẹ̀ àti ọwọ́ àwọn tó bá a wọkọ̀ ni dókítà rẹ̀ fún wákàtí kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí ọ̀kan nínú àwọn àpótí tí wọ́n ń tà létí títì, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun ìpaná àti àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta. Rọ́bà funfun ni, àmì àgbélébùú wà lójú rẹ̀. Ẹ ó bá ìgò jẹ́ńṣọ̀n kékeré kan níbẹ̀ tí ìdérí rẹ̀ ń jò, tó ti pa gbogbo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láró. Ẹ ó bá ìgò áyódíìnì, òwú tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, báńdéèjì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó máa já bí ẹ bá fi agbára díẹ̀ fà á, pílásítà bíi mẹ́wàá, àti àlùmọ́gàjí kékeré kan. Mo fi irú àlùmọ́gàjí bẹ́ẹ̀ gé ẹsẹ̀ ògbólógbòó ṣòkòtò jíìnsì kan wò. Aṣọ náà ká sáàárín ẹnu rẹ̀, ẹnu méjèèjì yà síra, kò gé fọ́nrán kan. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ènìyàn bá ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ṣòkòtò, ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti ṣe ni kí a gé ṣòkòtò náà kúrò ká lè rí ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá.

N kò bá àwọn tó ń tà á jà. Ohun tó wà nínú àpótí yẹn wúlò fún ọmọ tó fi orúnkún gbálẹ̀. Kò wúlò fún ohun tó ń pa ènìyàn lójú ọ̀nà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti 2023 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ó lé 190,000 ènìyàn ni jàǹbá ọkọ̀ ń pa lọ́dún kan káàkiri ayé. Lára ohun tó ń yára pa ẹni tó fara pa bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀, òun sì ni ẹni tó dúró tì í lè dá dúró láìjẹ́ dókítà. Bí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba inú itan kọjá bá gé, ẹ̀jẹ̀ lè tán lára ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ọkọ̀ ìgbàlà tó máa dé ọ̀dọ̀ yín láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́nà Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí ohunkóhun mìíràn, owó ohun tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀.

Ohun èlò náà ni wọ́n ń pè ní túníkẹ́ẹ̀tì. Ìgbànú aláṣọ líle kan ni, tó fẹ̀ tó ìka ọwọ́ méjì, tó ní ọ̀pá kékeré kan láàárín tí a fi ń lọ́ ọ le, àti ìkọ́ tí a ń ti ọ̀pá náà bọ̀ kó má baà tú. Apá àti ẹsẹ̀ nìkan la ń lò ó fún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde gùdùgùdù, tàbí tó ń da tó fi ń gbá jọ sílẹ̀, ẹ gbé e sókè ojú ọgbẹ́ náà níwọ̀n ìka mẹ́ta sí mẹ́rin, kó wà láàárín ọgbẹ́ àti àyà. Ẹ má fi sórí orúnkún, ẹ má fi sórí ìgúnpá. Bí ohunkóhun bá wà nínú àpò ṣòkòtò níbẹ̀, fóònù tàbí kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ fa ìgbànú náà le títí tí ìka yín kò fi ní lè wọ abẹ́ rẹ̀ mọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: wọ́n á dè é dẹ̀rọ̀, wọ́n á máa wá fi ọ̀pá nìkan lọ́ ọ, ọ̀pá á yí yí yí, ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa bọ̀. Bí ẹ bá ti fà á le, ẹ wá lọ́ ọ̀pá náà títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, ẹ tì í bọ ìkọ́, kí ẹ sì kọ àkókò tí ẹ dè é síbi tí dókítà yóò ti rí i. Iwájú orí ẹni náà gan-an dára láti kọ ọ́ sí.

Yóò dùn ún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kó yé yín dáadáa, nítorí pé ìrora yẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn aláàánú lè parí iṣẹ́ náà. Ẹni tí ẹ ń dè yóò pariwo, yóò bẹ̀ yín pé kí ẹ tú u, ọmọ rẹ̀ lè máa sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ má tú u. Ẹ má dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ pé kí ẹ̀jẹ̀ "fẹ́ sí i". Dókítà nìkan ló ń tú túníkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tó kọ́ fáàsì éèdì láyé àtijọ́ yóò máa wí lọ́kàn wọn pé: ṣebí wọ́n kọ́ wa pé kí a má so nǹkan mọ́ apá tàbí ẹsẹ̀, pé yóò kú dànù? Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wọn. Ogun Iraq ló yí ẹ̀kọ́ náà padà. Dókítà John Kragh, oníṣẹ́ abẹ eegun nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí lórí àwọn tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn ológun kan ní Baghdad ní 2006, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009. Àwọn tí wọ́n de túníkẹ́ẹ̀tì fún kí ẹ̀jẹ̀ tó dín débi tí ara wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, nínú 10, àwọn 9 ló yè. Àwọn tí wọn kò dè fún títí ara fi dákú tán, nínú 10, ẹyọ kan ló yè. Nínú ìwádìí wọn mìíràn tó ṣáájú èyí, wọn kò rí ẹnikẹ́ni tí wọ́n gé apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí túníkẹ́ẹ̀tì nìkan. Wákàtí méjì ni àwọn oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń kà sí àkókò tí kò léwu púpọ̀. Láti ọ̀pọ̀ ibi tí a ń rìnrìn àjò lọ nílẹ̀ Yorùbá, wákàtí méjì lè gbé wa dé ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ, bí a kò bá fi àkókò ṣòfò.

Ní ti ríra rẹ̀, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Èyí tí wọ́n ń pè ní CAT àti èyí tí wọ́n ń pè ní SOF-T ni àwọn ológun ti dán wò jù. Ayédèrú CAT sì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti lọ́jà. Bí ẹ ti ń rí i, ẹ ó rò pé òun ni, àfi ìgbà tí ẹ bá lọ́ ọ le tí ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀, tàbí tó kán mọ́ yín lọ́wọ́. Bí iye rẹ̀ bá ti kéré jọjọ sí iye tí àwọn tó ń ta ojúlówó ń pè é, ẹ má rà á. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ilé ìwòsàn tí ẹ mọ̀, tí ẹ lè padà lọ bá, ni kí ẹ ti rà á. Méjì ló dára kó wà nínú ọkọ̀, nítorí pé itan ẹni tó sanra lè gba méjì, jàǹbá kì í sì í sábà mú ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ ra ẹ̀kẹta fún ìdánrawò, kí ẹ sàmì sí i, nítorí pé èyí tí a ti lọ́ tí a tún lọ́ máa ń rẹ̀.

Bí owó kò bá tíì sí ńkọ́? Ìgbànú ṣòkòtò wa kì í le tó, okùn àti wáyà sì máa ń gé ara. Ẹ ya aṣọ ańkárá kan ní ìbú ìka mẹ́ta, kí ẹ tún un ṣẹ́ po kó lè nípọn, ẹ so ó, ẹ fi igi tàbí sípánà tó lágbára há ojú ìso náà, ẹ lọ́ ọ. Kò dára tó ojúlówó, ṣùgbọ́n ẹ̀mí la ń dù.

Àwọn ibì kan wà tí túníkẹ́ẹ̀tì kò lè dé: abẹ́ abíyá, ìdí itan lókè pátápátá, ọrùn. Níbẹ̀, gọ́ọ̀sì ni a ń kì bọ inú ọgbẹ́. Mo ní "kì bọ inú", n kò ní "gbé lé orí". Ẹ ó fi ìka ti gọ́ọ̀sì náà wọlé títí dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, ẹ ó máa kì í títí ihò náà yóò fi kún, ẹ ó wá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára yín fún ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́ta láìyẹ̀ ẹ́ wò. Gọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n rẹ sínú èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kíákíá, irú bíi QuikClot àti Celox. Ó wọ́n. Bí agbára yín bá gbé e, ẹ ra ọ̀kan. Bí kò bá gbé e, gọ́ọ̀sì gígùn lásán tí wọ́n dì mọ́ inú ọ̀rá láìkó kòkòrò àti ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ dáadáa ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ẹ tún fi báńdéèjì fífẹ̀ tó ń fà kún un, àlùmọ́gàjí ńlá tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gé aṣọ àti bẹ́líìtì ìjókòó, àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà ní ó kéré tán méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè gbé àìsàn wá, ẹni tó ń ṣàánú náà sì ní ilé tó fẹ́ padà sí.

Àwọn kan ń ta àpò ńlá bíi ti ológun, tó kún fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún àyà, rọ́bà tí wọ́n ń tì bọ imú tàbí ọ̀fun, àti okùn ìránṣọ fún ojú ọgbẹ́. Ẹ má ra ohun tí ẹ kò kọ́. Abẹ́rẹ́ àyà lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ́ ọ lè pa ẹni tí jàǹbá kò pa. Owó àpò yẹn lè ra túníkẹ́ẹ̀tì gidi méjì, gọ́ọ̀sì, kó tún san owó ẹ̀kọ́.

Ní orílẹ̀-èdè Jámánì, òfin ló pa á láṣẹ pé kí àpótí yìí wà nínú ọkọ̀, ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní DIN 13164 ló sì ń sọ ohun tó gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ra tòkúnbọ̀ tó ti ọ̀hún wá lè bá ọ̀kan nínú búùtù. Báńdéèjì rẹ̀ dára ju ti etí títì lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ìlànà yẹn kò béèrè túníkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ pé yóò bàjẹ́, kí ẹ sì fi tiwa kún un.

Omi ni mo fẹ́ kí ẹ kà sí oògùn kejì. Lọ́nà jíjìn, nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ́ńjìnnì á gbóná, awakọ̀ á fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò ṣí bónẹ́ẹ̀tì, yóò fi àkísà mú ìdérí rédíétọ̀, yóò sì ṣí i kó tó tutù. Omi gbígbóná á tú lù ú lójú, láyà, lápá. Ohun tí àwọn èrò máa ń sáré wá lẹ́yìn náà ni ẹyin, àdí, ọṣẹ ìfọyín, nígbà mìíràn epo ẹ́ńjìnnì pàápàá. Kò sí èyí tó yẹ níbẹ̀. Omi tútù lásán ni, tí ń ṣàn lórí ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú ń jẹ omi, ìdí nìyí tí jálá omi mímọ́ 20 lítà fi jẹ́ ara àpótí ìtọ́jú yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ ọkọ̀. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò kó tó wú. Ẹ má bẹ́ ohun tó bá lé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ tàbí aṣọ mímọ́ bò ó fẹ́rẹ́, kó di ilé ìwòsàn.

Omi kan náà la fi ń fọ ọgbẹ́ kí a tó dì í, dípò kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù. Òun náà la fi ń fọ ojú tí sèbé bá tutọ́ sí, púpọ̀ púpọ̀, láìdáwọ́ dúró. Òun náà la ó po iyọ̀ àti ṣúgà inú páálí, tí wọ́n ń pè ní ORS, sí bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹnikẹ́ni. Ẹ ka ara páálí náà kí ẹ mọ iye omi tó fẹ́, nítorí pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ lítà kan. Bí ORS kò bá sí, ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà tí kò kún ju etí lọ, àti ìlàjì ṣíbí iyọ̀, nínú lítà omi kan.

Mo ti dárúkọ sèbé, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ejò. Pápá ọ̀dàn Ọ̀yọ́-Ilé ní paramọ́lẹ̀, ó ní sèbé. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, túníkẹ́ẹ̀tì tí mo ti ń yìn láti àárọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Dídè é pinpin máa ń kó oró àti ẹ̀jẹ̀ jọ sójú kan, ẹran ibẹ̀ á sì rà. Ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fi iná jó o. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà dùbúlẹ̀, kó má rìn, kó má sáré. Ẹ bọ́ òrùka, bàtà àti ìlẹ̀kẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́wọ́ náà. Ẹ so ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà mọ́ igi tàbí páálí kó má baà máa mì, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má lépa ejò náà láti pa á. Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró wà, ọ̀kan nínú wọn, EchiTAb-Plus-ICP, orílẹ̀-èdè Costa Rica ni wọ́n ti ń ṣe é, oró ejò mẹ́ta tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni wọ́n sì fi ṣe é. Kì í ṣe ohun inú ọkọ̀. Ara ẹlòmíràn máa ń kọ̀ ọ́ lójijì, tó fi jẹ́ pé níwájú dókítà ló yẹ kí a gún un. Ohun tó yẹ kó wà nínú ọkọ̀ ni orúkọ ilé ìwòsàn tó ní i. Ẹ pe ilé ìwòsàn ìjọba àdúgbò tí ẹ ń lọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ bi wọ́n bóyá ó wà nílẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó gbọ́n.

Ní Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn ti lé ní 600, àti lórí àpáta yíyọ̀ ní Ọlúmìrìn, eegun ni ẹ ó bá pàdé ju ejò lọ. Páálí kátọ́ọ̀nù tí ẹ ká sí méjì, ìborùn ìyá kan, báńdéèjì fífẹ̀: ó tó láti mú kí ọwọ́ tó kán dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí dé ilé ìwòsàn. Ẹ má fà á, ẹ má pe ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀ sípò lórí òkè. Ẹni tó fi orí gbálẹ̀ tó sì dákú díẹ̀, bó tilẹ̀ jí tó ń rẹ́rìn-ín, ọjọ́ náà ti parí fún un. Ilé ìwòsàn ló ń lọ.

Oògùn kò pọ̀ nínú àpótí mi. Parasitamọ́ọ̀lù fún ìrora. Kì í ṣe aspirin, tó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa da sí i. Oògùn tí oníkálùkù ń lò ni kó wà nínú báàgì rẹ̀: ẹ̀rọ ìfasínú oní-ásímà, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, oògùn àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ má kó wọn sínú búùtù. Ọkọ̀ tí a gbé sóòrùn máa ń gbóná kọjá ohun tí oògùn lè fara dà, ọ̀pọ̀ oògùn ló sì kọ ọ́ sára pé kí ooru má kọjá 30 dígírì. Pílásítà kì í lẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ooru oṣù mélòó kan. Ẹ máa ṣí àpótí náà wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ pààrọ̀ èyí tó ti gbó.

Ibi tí a ń gbé e sí ń bí mi nínú jù. Ìsàlẹ̀ búùtù, lábẹ́ táyà àṣẹ́kù, lábẹ́ kúlà àti ẹrù ìyá àgbà! Bí ọkọ̀ mìíràn bá kọ lu yín láti ẹ̀yìn, búùtù yẹn kò ní ṣí. Ẹ pín in sí méjì. Ohun tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ìbọ̀wọ́ àti àlùmọ́gàjí, ẹ fi sínú àpò kékeré kan tó pupa tàbí tó mọ́lẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn àga awakọ̀, níbi tí ọwọ́ ẹni tó wà níwájú àti ẹni tó wà lẹ́yìn ti lè tó o. Ìyókù lè wà nínú àpótí. Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì tí a ń so mọ́rí kún un, nítorí pé bí ẹ bá fi ọwọ́ kan mú tọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ kan ló kù fún ẹ̀jẹ̀.

Bí ẹ bá dé ibi jàǹbá, ẹ kọ́kọ́ gbé àmì ìkìlọ̀ sẹ́yìn jìnnà kí ọkọ̀ mìíràn má wá gbá ẹ̀yin náà. Ẹ má wọ́ ẹni tó há sínú ọkọ̀ jáde àfi tí iná bá fẹ́ sọ. Ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má fún un lómi mu. Nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè yìí ni 112. Ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ni 122. Bí ilé ìwòsàn kan bá sì sọ pé ẹ lọ mú owó wá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ẹ rán wọn létí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014. Abala 20 rẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì nítorí ìdí kankan. Owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá rú u.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìrìn àjò fún ìjọ, fún ilé ẹ̀kọ́, fún ẹgbẹ́, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi yìí bẹ̀. Ẹgbẹ́ Red Cross ní ẹ̀ka káàkiri àwọn ìpínlẹ̀ wa, wọ́n sì ń kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ lọ bá wọn kí ọjọ́ ìrìn àjò tó kò. Ẹ jẹ́ kí ó kéré tán ènìyàn méjì nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ bí wọ́n ṣe ń de túníkẹ́ẹ̀tì àti bí wọ́n ṣe ń ki gọ́ọ̀sì bọ ọgbẹ́, kí awakọ̀ má sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n, nítorí pé awakọ̀ náà lè jẹ́ ẹni tó fara pa. Bí ẹ kò bá tíì rí ẹni méjì yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú.